Gọ́tà yẹn ló dáa jù nínú iṣẹ́ káńsílọ̀ wa

Ẹ̀yin olóòtú wa, mo kí yín o. Ẹ bá mi gbé e jáde bí mo ṣe kọ ọ́, ibi tí mo bá ti ṣì í kọ ẹ bá mi tún un ṣe, iṣẹ́ bíríkìlà ni mo kọ́ ní tèmi, n ò kọ́ iṣẹ́ ìwé.

Ọ̀rọ̀ káńsílọ̀ wọ́ọ̀dù wa níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni. N ò ní dárúkọ ẹ̀, torí tí mo bá dárúkọ ẹ̀ báyìí àwọn kan á ní ẹgbẹ́ òṣèlú ló rán mi, bẹ́ẹ̀ ojú mi ni ọmọ yẹn ṣe dàgbà. Látìgbà tí wọ́n ti dìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni mo ti ń wò ó, ó ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Òun ló sáré sókè sódò tí wọ́n fi gbẹ́ gọ́tà ẹ̀yìn agbo ilé wa, gọ́tà tí a ti ń pariwo ẹ̀ látìgbà tí mo ṣì wà lọ́mọ iṣẹ́.

Ohun tó wá sọ ní ìpàdé àdúgbò tó kọjá ni ò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ó ní ìlú gbọ́dọ̀ lajú, ó ní gbogbo ilé alámọ̀ tó wà létí títì, kí wọ́n wó o, kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀, kó lọ rẹrẹẹrẹ, páànù kan náà, ọ̀dà kan náà. Àwọn ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Bàbá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi dìde, ó ní "ìyá mi ń bẹ nínú yàrá tẹ́ ẹ fẹ́ wó yẹn." Ni ọmọ kan bá dá a lóhùn pé ẹ lọ gbé wọn jáde kó tó dọjọ́ náà, gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ abẹ́ ilẹ̀ yàrá ni ìyá wà, wọ́n ti sin wọ́n síbẹ̀ tipẹ́. Bàbá kàn jókòó padà ni, kò sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi túká.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀. Ilé alámọ̀ kì í dédé wó, omi ló ń pa á. Páànù á dípẹtà, iṣó á yọ, òjò á máa gba ibẹ̀ wọ orí ògiri, á máa rọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Tàbí kẹ̀ kí àgbàrá máa fọ ìdí ilé lọ́dọọdún títí ìsàlẹ̀ ògiri á fi dà bí eyín tí èrìgì ti sá fún. Èyí tó wá burú jù níbẹ̀, àwa bíríkìlà la fọwọ́ ara wa ṣe é, a ń fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri amọ̀ kó lè jọ ilé búlọ́ọ̀kù. Sìmẹ́ńtì ò kí ń gbá amọ̀ mú dáadáa, ó sì ń sé omi mọ́nú, ìta á máa dán, inú á ti rà. Bàbá mi tó fi ẹsẹ̀ po amọ̀ kọ́lé sọ ọ́ fún mi nígbà yẹn, mo ní ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ ni. Mo ti gbowó irú iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ilé, kí Ọlọ́run foríjì mí.

Ẹ wá wo nǹkan tí gọ́tà yẹn ṣe o. Tẹ́lẹ̀, kò sí òjò ńlá tí ògiri kan kì í wó lẹ́yìnkùlé wa. Látìgbà tí wọ́n ti gbẹ́ ẹ, ìkankan ò tíì wó. Káńsílọ̀ ò mọ̀ pé òun ti tún ilé ṣe, gọ́tà ló rò pé òun gbẹ́! Tẹ́ ẹ bá bi í ní iṣẹ́ tó ti ṣe, ṣọ́ọ̀bù tí ò tíì kọ́ ló máa kọ́kọ́ sọ.

Ìlú tí Ògúnlọlá tẹ̀dó sábẹ́ igi Àjàgbọn nìyí, a sì ń pìtàn igi ọ̀hún fún gbogbo àlejò, àmọ́ ilé tí àwọn baba wa sùn sí ni ìtìjú ń bá wa lórí ẹ̀.

N ò ní kí wọ́n má wó ìkankan o. Èyí tó bá ti sán láti òkè délẹ̀ tó sì ti dagun, kí wọ́n tètè wó o kó tó pa ọmọ ọlọ́mọ. Àmọ́ àwọn tó kù, èèyàn ń bẹ nínú wọn! Opó ń bẹ níbẹ̀, ẹni tó ń ta ẹ̀kọ ń bẹ níbẹ̀, ọlọ́kadà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó, ọmọ iṣẹ́ télọ̀. Níbo ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n lọ? Apá Under G lọ́hùn-ún, nítòsí yunifásítì LAUTECH, látìgbà tí yunifásítì ọ̀hún ti dé ní 1990 ni wọ́n ti ń kọ́lé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló pọ̀ jù tí wọ́n ń kọ́ ọ fún, láńdìlọ́ọ̀dù fẹ́ owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, ọlọ́kadà ò lè bá òbí akẹ́kọ̀ọ́ du yàrá. Ṣọ́ọ̀bù ńkọ́, ta ló ń sun inú ṣọ́ọ̀bù? Èyí tí wọ́n kọ́ lọ́jọ́sí ṣì wà ní títì pa, àkọlé pé ó wà fún rẹ́ǹtì ti ń ṣá lára ilẹ̀kùn.

Ẹnìkan ní wọ́n á san owó gbà-má-bínú. Mo ní kí ọmọ mi tó ń ka ìwé òfin bá mi wo Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978, ó ní tí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ìlò ará ìlú, iye tí wọ́n á fi kọ́ irú ilé yẹn ni wọ́n á ṣírò, wọ́n á wá yọ iye tí ilé ti gbó kúrò nínú ẹ̀. Ilé alámọ̀ tí bàbá bàbá mi kọ́, tí wọ́n bá yọ gbígbó kúrò, kí ló kù? Ilẹ̀ fúnra ẹ̀ ńkọ́, owó ilẹ̀ tí onílẹ̀ san lọ́dún tí wọ́n gba ilẹ̀ ni òfin mọ̀, ta sì ni nínú agbo ilé wa ló ń sanwó ilẹ̀? Àti pé nínú ìlú báyìí, gómìnà ni òfin yẹn gbé ilẹ̀ lé lọ́wọ́, kì í ṣe káńsílọ̀, kó má lọ máa ṣèlérí ohun tí ò sí lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun tó wà níkàáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni gọ́tà, títì, ọjà, àti kíkọ nọ́ńbà sára ilé, ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Títí dòní ilé wa ò ní nọ́ńbà, tí wọ́n bá fẹ́ rán nǹkan sí mi, mo máa ń ní kí wọ́n béèrè ilé alágbẹ̀dẹ. Káńsílọ̀ lè ní òun ò mú àpò owó dání, òótọ́ ni, alága ló mú un, àmọ́ òun ń jókòó níbi tí wọ́n ti ń yẹ bọ́jẹ́ẹ̀tì wò, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì ti sọ ní oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà.

Kó yà sọ́dọ̀ mi láàárọ̀ Sátidé kan, kó mú ẹnìkan dání láti ọ́fíìsì tó ń yẹ ilé wò, a ó jọ fẹsẹ̀ rìn ín láti ìdí ògiri kan dé òmíràn, n ó fi èyí tó ṣì lè dúró hàn án àti èyí tí kò lè dúró, n ò ní gba kọ́bọ̀. Kí a sì débi tí gọ́tà parí sí, torí ẹ̀yìn ilé wa ló dá a dúró sí, gbogbo omi tó ń kó kúrò lọ́dọ̀ wa, ìdí ògiri agbo ilé kejì ló ń dà á sí báyìí, inú agbo ilé yẹn sì ni yàrá ìyá bàbá ọjọ́ náà wà.

Èmi ni tiyín,
Bíríkìlà kan, Ògbómọ̀ṣọ́