Ẹ Yé Gba Owó Òkùnkùn Lọ́wọ́ Wa Ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín, ọ̀rọ̀ yìí ti kún mi nínú. Bíìlì iná tuntun dé sí àdúgbò wa ní Òkè Pópó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Owó tó wà lára rẹ̀ kò fi kọ́bọ̀ kan dín sí ti oṣù tó ṣáájú, bẹ́ẹ̀ gbogbo oṣù tí wọ́n ń bèèrè owó rẹ̀ yìí, inú òkùnkùn la wà. Tiransifọ́mà wa ló jó. Ó bú gbàù lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, epo inú rẹ̀ dà sí gọ́tà, láti ìgbà náà a ò fojú kan iná mọ́. Àwọn tó ń pín iná fún wa mọ̀, àwa fúnra wa la lọ fẹjọ́ sùn ní ọ́fíìsì wọn. Síbẹ̀ wọ́n jókòó, wọ́n ṣírò iná tí a kò lò, wọ́n ní ká wá san án. Owó òkùnkùn ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ wa.

Èsì tí wọ́n fún àwọn àgbà àdúgbò ló tún dá kún ìbínú mi. Wọ́n ní ká dá owó jọ, ojúlé kan iye báyìí, kí tiransifọ́mà mìíràn lè tètè dé. Pé bí a bá ní ká dúró de tiwọn, yóò pẹ́. A dá a. Ìyá tó ń dín àkàrà dá a, àwọn ọmọ tó ń gẹrun dá a, bàbá tó ti fẹ̀yìntì tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kì í dé lásìkò dá a. Àjọ NERC, tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ iná, ti sọ ọ́, wọ́n tún un sọ, pé ríra tiransifọ́mà, òpó tàbí wáyà kì í ṣe iṣẹ́ oníbàárà, àti pé bí àdúgbò kan bá tilẹ̀ yọ̀ǹda láti rà á, ìwé àdéhùn gbọ́dọ̀ wà tí yóò sọ bí owó náà yóò ṣe padà sọ́wọ́ wọn. Ta ló fún wa ní ìwé kankan? Gbàrà tí wọ́n bá ti gbé e sórí pèpéle, ó di tiwọn nìyẹn. Ohun tí a fowó ara wa rà ni wọn yóò tún fi máa pawó lórí wa.

Télọ̀ ni mí. Iná ni mo fi ń ránṣọ, iná ni mo fi ń lọ aṣọ. Ní báyìí, bẹntiróòlù ni mò ń rà láàárọ̀ kí n tó ra oúnjẹ, tí mo bá sì fi owó rẹ̀ kún iye iṣẹ́ mi, oníbàárà á bínú, á kó aṣọ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá mọ Ìsàlẹ̀ Èkó mọ̀ pé ilé fara kan ilé níbẹ̀, kò sí ẹ̀yìnkùlé. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni ẹlòmíràn ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí, ojú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ẹlòmíràn ń gbé e sí. Èéfín rẹ̀ ń wọ yàrá tí ọmọ ọwọ́ ń sùn sí. Àwọn tó wà nípò mọ̀ gbogbo èyí. Ilé tiwọn kì í ṣókùnkùn, owó ìlú ni wọ́n fi ń ra epo dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ̀rọ wọn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè sùn.

Erékùṣù wo ni mò ń sọ ná? Erékùṣù Èkó ni o, níbi tí iná mànàmáná ti kọ́kọ́ tàn ní gbogbo Nàìjíríà! Ọdún tí ọ̀pọ̀ ìwé ìtàn kọ sílẹ̀ ni 1896. Ẹ̀rọ méjì ni ìjọba amúnisìn fi bẹ̀rẹ̀, agbára méjèèjì pọ̀ jẹ́ kìlówáàtì 60 péré. Ilé gómìnà àti àdúgbò Marina ni iná náà kọ́kọ́ tàn sí, nígbà tí àwọn baba wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó ṣì ń tan àtùpà. Ìyẹn kò dára, mi ò sì yìn wọ́n fún un. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: ọdún 1901 ni wọ́n tó parí Afárá Carter tó so erékùṣù yìí mọ́ ìyókù ìlú. Kò tíì sí afárá, iná ti wà. Kò sí wáyà kankan tó ń gba orí omi bọ̀ láti ibì kan. Erékùṣù yìí ló ń dá iná ara rẹ̀ pèsè.

Lẹ́yìn ìyẹn ni iná bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí wa. Ní 1923 wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ iná sí Ìjọ́rà, èédú Enugu tí ọkọ̀ ojú omi ń kó wá láti Port Harcourt ni wọ́n ń dá sí i. Ó ṣì súnmọ́ wa, a ń rí èéfín rẹ̀. Ìjọba dá ECN, àjọ iná mànàmáná Nàìjíríà, sílẹ̀ ní 1950. Bàbá tó bí mi lọ́mọ máa ń sọ pé láyé ECN, tí wọ́n bá fẹ́ mú iná lọ láti tún wáyà ṣe, wọ́n á ti sọ ọ́ ṣáájú, wọ́n á sì dá a padà ní wákàtí tí wọ́n dá. Ìdídò Kainji, tó ń fi omi odò Ọya pèsè iná, dé ní ìparí àwọn ọdún 1960. Ní 1972 wọ́n pa ECN pọ̀ mọ́ àjọ tó ń bójú tó Kainji, ó di NEPA. NEPA di PHCN ní 2005, nígbà tó di November 2013 wọ́n pín in fún àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni. Gbogbo ìgbà tí orúkọ bá yí padà ni wọ́n ń ṣèlérí fún wa. Owó ló ń lọ sókè. Ní April 2024, àwọn tí wọ́n pín sí Band A, ìyẹn àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí ogún lójúmọ́ fún, rí i tí owó iná wọn fò láti nǹkan bíi náírà 68 sí náírà 225 lórí ìwọ̀n iná kan. Àwa tí a kò sí ní Band A, tí a kò ní mítà, ohun tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń kọ fún wa.

Ère Ṣàngó tí Ben Enwonwu fi idẹ ṣe ní 1964 ni wọ́n gbé síwájú ọ́fíìsì àgbà àjọ iná ní Marina. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá ti ibẹ̀ kọjá. Olúkòso, ọba tó fi mànàmáná ṣe ohùn, ni wọ́n gbé síbẹ̀, ìrìn kúkurú ló sì wà láàárín ibẹ̀ àti Òkè Pópó, níbi tí mo ti ń fi tọ́ọ̀ṣì wá ojú abẹ́rẹ́.

Ẹ má sọ fún mi pé kò sí iná ní Nàìjíríà tí wọ́n lè fún wa. Ilé iṣẹ́ iná Egbin wà ní ìpínlẹ̀ Èkó níbí, létí ọ̀sà lápá Ìkòròdú. Láti àárín àwọn ọdún 1980 ló ti wà, mẹgawáàtì 1,320 sì ni wọ́n kọ́ ọ láti máa pèsè. Àmọ́ ojú wáyà ńlá kan ṣoṣo ni wọ́n so gbogbo orílẹ̀-èdè mọ́. Bí ohun kan bá já ní òkè ọ̀hún, àwa tí ọ̀sà nìkan là láàárín wa àti Egbin náà á ṣókùnkùn. Ní October 2024 nìkan, wáyà orílẹ̀-èdè yìí dákú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Tí oṣù bá sì parí, bíìlì á dé. Owó òkùnkùn náà nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe ni pé kí wọ́n dá iná erékùṣù yìí padà sórí erékùṣù yìí. Òfin kò dí wọn lọ́wọ́ mọ́: òfin iná mànàmáná ti 2023 ti fún ìpínlẹ̀ lágbára láti pèsè iná, láti pín in àti láti bójú tó o. Wọn ò sì lè ní àwọn ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Láyé Gómìnà Fáṣọlá, ní 2011, wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ iná mẹgawáàtì 10 sí orí erékùṣù yìí fún ilé ìwòsàn, ilé ẹjọ́ àti iná ojú títì. Bí wọ́n bá lè ṣe é fún ilé ìjọba, wọ́n lè ṣe é fún ilé àwa náà. Kí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń lo gáàsì ṣe é, kó má jẹ́ ẹ̀rọ gìrìwò kan ṣoṣo. Kó jẹ́ kéékèèké tó pọ̀, tí ọ̀kan bá bàjẹ́, ìyókù á máa ṣiṣẹ́. Kí wọ́n gbé pátákó oòrùn sórí òrùlé ọjà àti ilé ìwé láti ràn án lọ́wọ́ lọ́sàn-án. Kí wọ́n ri wáyà mọ́lẹ̀, nítorí àwọn òpó tó wà ládùúgbò wa ti tẹ̀, wáyà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan fèrèsé.

Ní ti owó, ọjà wà níbí. Ẹ lọ sí Balógun, ẹ lọ sí Ìdúmọ̀tà, kí ẹ wo iye jẹnẹrétọ̀ tó ń ké lójúmọ́. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ló ń ra epo tirẹ̀. Àwọn oníṣòwò tó ń ná irú owó yẹn kò ní kọ̀ láti san owó iná tó dúró ṣinṣin. Inú jẹnẹrétọ̀ ni owó wọn ń bá lọ báyìí. Kí ìyálọ́jà, àwọn onílé àti àwọn ayálégbé ní aṣojú nínú ìgbìmọ̀ tí yóò máa darí rẹ̀, kí wọ́n sì máa lẹ ìṣírò iye tó wọlé àti iye tó jáde mọ́ ara ògiri lóṣooṣù níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè kà á.

Kí gbogbo ilé ní mítà. Kí wọ́n fìyà jẹ òṣìṣẹ́ tó bá ní kí àdúgbò dáwó ra tiransifọ́mà.

Àwa onílé àti ayálégbé ní Òkè Pópó máa ń ṣèpàdé ní Sunday àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ẹni tí a dìbò fún sílé ìgbìmọ̀ mọ ibi tí a ti ń ṣe é, ó wá síbẹ̀ nígbà tó ń wá ìbò. Kó wá sí èyí tó ń bọ̀, kó mú ẹni tó lè fọwọ́ sí ìwé láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pín iná dání, kí wọ́n kọ iye tí a dá fún tiransifọ́mà sílẹ̀ àti ọjọ́ tí wọn yóò dá a padà. Kò sí ẹni tí yóò san bíìlì náà nínú wa kó tó di ìgbà náà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Télọ̀ kan ní Òkè Pópó,
Ìsàlẹ̀ Èkó.