Irun Táíwò wà lọ́wọ́ mi: lẹ́tà sí ẹ̀yin ọmọ Kétu

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Kétu, àti ẹ̀yin tí iṣẹ́ ti gbé lọ sí Àjàṣẹ́ àti Kútọnu, mo kí yín o. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í kọ lẹ́tà. Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí sórí fóònù rẹ̀, ó sì ti ń mí kanlẹ̀ nítorí pé mò ń sọ̀rọ̀ kánkán.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan gbé ọ̀rá dúdú kan wá bá mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fi òwú dì í. Nígbà tí mo tú u, irun ni mo bá níbẹ̀, irun orí ọkùnrin, tí kò ju ẹ̀kúnwọ́ ọmọdé lọ, ó sì ń rùn àdí àgbọn síbẹ̀. Irun Táíwò ni, Táíwò tí ọkọ̀ akẹ́rù gbá lójú ọ̀nà Pobẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Kẹ́hìndé rẹ̀ ló gé e kí wọ́n tó sin ín, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àṣé ọmọ náà ti bá àwọn kan pàdé lórí fóònù tí wọ́n ní àwọn ń bẹ ní ìlú Òyìnbó, àwọn lè fi irun òkú ṣe ẹni náà padà. Wọ́n fi àwòrán yàrá funfun ránṣẹ́ sí i, gílásì lóríṣiríṣi, àwọn ènìyàn tí wọ́n wọ ìbọ̀wọ́. Ó san owó àkọ́kọ́. Ó ta alùpùpù rẹ̀ ó san èkejì. Ó ta ẹ̀rọ tó fi ń jórin, ó tún fọwọ́ kan owó àjọ ìyá rẹ̀ tí ó kó fún un tọ́jú. Lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà àwọn ènìyàn yẹn kò lọ mọ́. Láti ìgbà náà, ó ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù tí kò sí ẹ̀rọ kankan nínú rẹ̀, láti àárọ̀ títí di alẹ́.

Owó á padà wá. Wọ́n ti ń lu ènìyàn ní jìbìtì kí wọ́n tó bí mi, àwọn ọmọ tiwa gan-an sì wà nídìí rẹ̀, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí Kẹ́hìndé sọ nígbà tí mo lọ bá a ni kò jẹ́ kí n sùn. Ó ní, “Màmá, wọ́n á bí i padà, màá tọ́ ọ dàgbà, àwa méjèèjì á sì tún jọ máa ṣiṣẹ́.” Mo ní, “Ọmọ tó bá dé yẹn, ta ni yóò jẹ́?” Ó wò mí bí ẹni wo òpè. Ó ní, “Táíwò náà ni.”

Ta ni yóò jẹ́? Ìbéèrè tí mo fẹ́ bi gbogbo yín nìyẹn. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn mìíràn: ọmọbìnrin tí ìyá rẹ̀ kú, tó ń wo fídíò òyìnbó tó san owó kí wọ́n ṣe ẹ̀dà ajá rẹ̀, tó wá ní tó bá ṣeé ṣe fún ajá, ènìyàn ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi gbẹ̀bí, ohun tó bá kan oyún kò ṣàjèjì sí mi. Ní 5 Oṣù Keje ọdún 1996, ní ilé ìwádìí Roslin lẹ́bàá Edinburgh ní Skọ́tílándì, wọ́n bí àgùntàn kan tí wọ́n sọ ní Dolly. Wọ́n mú sẹ́ẹ̀lì láti inú ọmú abo àgùntàn kan, wọ́n mú ẹyin lára èkejì, wọ́n yọ ohun tó wà láàárín ẹyin náà, wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ọmú yẹn rọ́pò rẹ̀, wọ́n fi iná mànàmáná díẹ̀ jí i, wọ́n wá gbé e sínú ilé ọmọ àgùntàn kẹta. Ìyá mẹ́ta, baba kankan kò sí. Ṣùgbọ́n oyún ni, ẹ gbọ́ mi? Ẹ̀kẹta yẹn lóyún bí gbogbo àgùntàn, ó rọbí, ó sì bí ọmọ tí kò tíì mọ bí a ṣe ń jẹ koríko. Àgùntàn tó ni ọmú ti kú kí wọ́n tó bí Dolly, kò sì jí. Ọmọ yẹn náà ṣe àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, wọ́n pa á ní Oṣù Kejì ọdún 2003, awọ ara rẹ̀ ni wọ́n kì, tó dúró sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé wọn lónìí.

Irun tí abẹ ti gé kúrò lórí sì ti kú. Sẹ́ẹ̀lì tó ń bẹ láàyè ni wọ́n ń lò. Kẹ́hìndé ọmọ mi, kí àwọn olè yẹn tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́, kí wọ́n ní gbogbo gílásì ayé, kò sí ohun tí wọ́n lè fi inú ọ̀rá yìí ṣe.

Ní Texas, lọ́dún 2001, wọ́n ṣe ẹ̀dà ológbò kan tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, funfun, dúdú àti pupa. Èyí tí wọ́n bí kò ní pupa náà lára rárá. Ẹni tí kò mọ ìtàn rẹ̀ kò ní pè é ní ẹbí èyí tí wọ́n fi ṣe é. Àwọ̀ lásán kò bára mu, ẹ wá ń sọ ti ẹ̀mí fún mi!

Ó dára, ẹ jẹ́ kí a fi àgùntàn àti ológbò sílẹ̀. Kẹ́hìndé, ọwọ́ mi ni a bí ọ sí. Ibi kan ṣoṣo ni mo gbà lẹ́yìn ẹ̀yin méjèèjì. Ẹyin kan ló pín sí méjì nínú ìyá yín, ohun tí àwọn onímọ̀ ń wá kiri pẹ̀lú iná mànàmáná, Olódùmarè ti ṣe é ní Kétu láìgba kọ́bọ̀. Ẹ̀dà Táíwò ti wà. Ìwọ ni. Bí wọ́n bá sì mú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tó wà láàyè tí wọ́n fi ṣe ọmọ, ọmọ náà kò lè jọ ọ́ ju bí ìwọ ṣe jọ ọ́ lọ. Ṣé ìwọ wá ni Táíwò? Táíwò ké kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó jáde tán. Ìwọ kò ké, o la ojú, o ń wo àtùpà mi títí mo fi gbá ọ nídìí. Wákàtí àkọ́kọ́ nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò tíì kọ́ yín ní nǹkan kan. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ nítorí pé Kẹ́hìndé ni èmi náà.

A pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí èéyi mú Táíwò mi lọ. Ìyá mi lọ bá agbẹ́gilére, ó gbẹ́ ère fún un. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, inú àwòrán lẹ ti ń rí ère ìbejì. Èmi bá a jẹun. Àárọ̀ ni ìyá mi máa ń wẹ̀ ẹ́, ó fi osùn pa á, ó bu ẹ̀wà àti epo sí i lẹ́nu kí ó tó bu tèmi. Bí ó bá dá aṣọ fún mi, a gé díẹ̀ nínú rẹ̀ fún ère. Nígbà tí mo fi bẹ̀rẹ̀ iléèwé, imú ère náà ti tán nítorí fífọ̀, ojú rẹ̀ ti ń dán bí òkúta odò.

Èyí tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí ni pé mo kórìíra rẹ̀. Nígbà mìíràn ìyá mi á wò mí títí, á ní, “Táíwò ìbá ti ga jù báyìí.” Bí mo bá gba máàkì tó dára, ó di Táíwò ìbá gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan, mo gbé ère náà, mo lọ tì í sábẹ́ àká, mo kó èèpo àgbàdo bò ó. Ìyá mi wá a di alẹ́. Nígbà tó rí i, mo ti ń retí pàṣán. Kò nà mí. Ó jókòó sílẹ̀, ó nu ojú ère náà, ó ní, “Mo mọ̀ pé igi ni. Ẹrù yìí wúwo, mo gbé e ru igi kí n má bàa gbé e rù ọ́.”

Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, n kò gbọ́ ohun tó wí. Ó di ìgbà tí mo di agbẹ̀bí, tí mo ń gbọ́ kí obìnrin máa rọbí kó máa pe orúkọ ọmọ tó ti kú, kó tó yé mi. Pẹ̀lú ère náà náà, díẹ̀ ta sí mi lára, ẹ gbọ́ ohun tí mo wí. Nítorí náà, ọmọ tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe láti ara òkú yín, òun ni yóò jẹ́ igi náà. Ère tó ń mí. Ẹ ó máa bu ẹ̀wà sí i lẹ́nu, ẹ ó máa retí kí ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò mọ̀ rí. Ọjọ́ tó bá ní iṣẹ́ wẹ́dà kò wu òun ńkọ́? Kẹ́hìndé, kí lo máa ṣe fún un?

Ọmọ-ọmọ mi tó ń tẹ̀wé ti dá ọwọ́ dúró. Ó ní, “Màmá àgbà, ẹ̀yin náà lẹ ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Yétúndé. Ṣé òkú ò ń padà ni?” Ìbéèrè gidi ni. Èsì mi rèé. Babátúndé fún ara rẹ̀ ló wá, kò sí ẹni tó san owó kí ó wá. Nígbà tó bá dé, a máa ń ṣe ẹsẹ̀ńtayé fún un, à ń béèrè irú ẹni tó jẹ́, a kì í pàṣẹ fún un. Orí tó kúnlẹ̀ yàn nílé Àjàlá ló gbé wá. A sì tún sọ ọ́ ní orúkọ tirẹ̀ mọ́ ọn. Ṣé ẹ ti rí Babátúndé kan tí wọ́n jogún ìyàwó baba àgbà fún, tàbí tí wọ́n ní kí ó san gbèsè rẹ̀?

Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, mùsùlùmí ni. Èmi, àgùdà ni mí. Nígbà tí ariwo Dolly kọ́kọ́ dé orí rédíò, àwa méjèèjì jiyàn di ọ̀gànjọ́. Ó ka Súrà Isrá fún mi, níbi tí wọ́n ti bi Ànábì léèrè nípa ẹ̀mí, tí èsì fi jẹ́ pé nínú ọ̀ràn Olúwa ni ẹ̀mí wà, ìmọ̀ díẹ̀ la sì fún ọmọ ènìyàn. Ọdún 1997 náà ni ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkí, ìyẹn òfin ẹ̀sìn Ìsìláàmù, ní Jídà sọ pé ṣíṣe ẹ̀dà ènìyàn kò tọ́. Róòmù náà kọ̀ ọ́, wọ́n sì tún tẹnu mọ́ ọn lọ́dún 2008. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lé e lórí ní Oṣù Kẹta ọdún 2005: orílẹ̀-èdè 84 kọ̀ ọ́, 34 kò fara mọ́ kíkọ̀ náà, 37 kò dá sí i. Kò sì de ẹnikẹ́ni, ìmọ̀ràn lásán ni.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà, títí kan àwọn oníwàásù, tí wọ́n ń sọ pé bí wọ́n bá tiẹ̀ ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kò ní lẹ́mìí, pé òkú tó ń rìn ni. Ẹ dákẹ́! Ẹni tó bá ké nígbà tó dé ilé ayé, ènìyàn ni, èmi á gbà á, èmi á gé ìwọ́ rẹ̀. Ṣé Kẹ́hìndé kò lẹ́mìí nítorí pé ara rẹ̀ bá ti Táíwò mu ni? Ẹ̀mí tirẹ̀ ló ní, ẹ̀yin lẹ ti fi orúkọ ẹlòmíràn dè é mọ́lẹ̀ kó tó mí.

Àti àwọn ìyá ńkọ́? Ẹyin 277 ni wọ́n fi gbìyànjú kí Dolly kan ṣoṣo tó jáde. Nínú wọn, 29 ló dàgbà tó èyí tí wọ́n gbé sínú àgùntàn 13. Ọ̀kan bí. Ní Ṣáínà, wọ́n kéde ọ̀bọ méjì tí wọ́n ṣe ní ẹ̀dà lọ́dún 2018, wọ́n ti gbé ọlẹ̀ sínú abo ọ̀bọ 21 kí wọ́n tó rí méjì yẹn. Mo ti jókòó ti obìnrin tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀ lóru, n kò lè ka nọ́ńbà yẹn bí ẹni ka owó ọjà. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, bí ẹnikẹ́ni bá wá fi owó lọ̀ yín kí ẹ fún un ní ẹyin tàbí kí ẹ bá a gbé oyún, ẹ wá bá mi kí ẹ tó dáhùn.

Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2002, ilé iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Clonaid kéde fún gbogbo ayé pé wọ́n ti bí ọmọ ènìyàn tí àwọn ṣe ní ẹ̀dà. Wọ́n ní kí wọ́n mú un wá fún àyẹ̀wò. Títí dòní, a kò rí ọmọ, a kò rí ìyá. Àwọn tó ní ilé iṣẹ́ nìyẹn o! Ẹ̀yin ń fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ kò mọ ojú rẹ̀, tí kò fẹ́ kí ẹ rí ọ̀gbà rẹ̀, tí kò lè sọ orúkọ àdúgbò rẹ̀! Kí ló ń ṣe yín? Ẹni tí yóò ra ìṣu lọ́jà Kétu máa ń fi èékánná họ ọ́ wò.

Mo ti bínú. Ẹ jẹ́ kí n mu omi.

Ẹni tó bá ń ṣọ̀fọ̀, kí ó má ṣe dá jókòó ti fóònù lóru. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ Kẹ́hìndé, ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, kò sí ọ̀kan nínú yín tó mọ̀ pé ó ti ta ẹ̀rọ rẹ̀? Ẹ̀yin òbí náà, ẹ yé é sọ fún èyí tó kù pé èyí tó lọ ìbá ti ṣe é dáadáa jù. Ẹ sì yé é sọ fún un pé kó máa ṣe bí ẹni méjì.

Kẹ́hìndé, ìyá rẹ ti bá mi sọ ti owó àjọ, a ti bá àwọn obìnrin náà sọ̀rọ̀, wọ́n á máa gba díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin kan ní Ìdènà ní ẹ̀rọ ìjórin kan tí kò lò mọ́, mo ti ní kí ó má tà á. Ọ̀rá náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi, lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìrìnnà mi. N kò tú u mọ́. Wá ní ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn tí oòrùn bá rọlẹ̀, ìwọ àti ìyá rẹ, kí a jọ lọ sin ín sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Mú ọkọ́ dání, tèmi ti kú. Màá ti se ẹ̀wà kalẹ̀.