Kẹ́ ẹ tó gba yàrá ní Assisi, ẹ kọ́kọ́ bèèrè òkè

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn tó ń dé ọ̀dọ̀ àwa tá a wà lókè òkun lórí fóònù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé lẹ́tà yìí jáde nítorí àwọn ará wa tó ń múra àtilọ sí Assisi ní Ítálì. Ọdún 2026 yìí ló pé 800 ọdún tí Fransisi Mímọ́, ọmọ bíbí Assisi, kú, wọ́n sì tún ti ka Carlo Acutis, ọmọkùnrin tó kú lọ́mọ ọdún 15 tí ibojì ẹ̀ wà ní Assisi, mọ́ àwọn ẹni mímọ́ ní September 2025, torí náà gbogbo WhatsApp ìjọ Àgùdà tí mo wà, ariwo Assisi ni wọ́n ń pa, éjẹ́ǹtì yìí ń kó èèyàn láti Èkó, tọ̀hún ń kó láti Ìbàdàn. Inú mi dùn sí i gan-an. Ṣùgbọ́n iye owó ni wọ́n ń sọ ṣáá, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ ibi táwọn èèyàn máa sùn.

Èmi ti jẹ ìyà yìí rí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ mú màámi lọ, wọ́n ti lé ní 70 ọdún, eékún ọ̀tún sì ń dà wọ́n láàmú. Éjẹ́ǹtì kan ló bá wa gba yàrá, ó fi fọ́tò ránṣẹ́, fèrèsé téèyàn ti lè rí gbogbo pẹ̀tẹ́lẹ̀ Umbria, òdòdó lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni sí Piazza del Comune tó jẹ́ àárín ìlú. Irọ́ kọ́ o, ìṣẹ́jú márùn-ún ni lóòótọ́, tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Àtipadà gòkè ńkọ́? Títì tí táàsì gbé wa gbà kàn parí lójijì ni, àtẹ̀gùn òkúta ló kù níwájú, la bá bọ́ọ́lẹ̀ pẹ̀lú báàgì méjì, mo ń fà á, táyà ẹ̀ ń lu òkúta gbà-gbà-gbà, àwọn èèyàn ń yọjú lójú fèrèsé, kò pẹ́ táyà kan yọ dànù. Ìgbà tí mo máa bojú wẹ̀yìn, màámi ti jókòó sórí àtẹ̀gùn, wọ́n ti bọ́ bàtà kan, wọ́n ń fọwọ́ ra eékún, ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà wọn wé mọ́ ọrùn ọwọ́, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé ibi tágbà ò lè dé ni wọ́n gbé àdúrà sí ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Yàrá ọ̀hún gan-an, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kẹta ló wà, kò sí líìfùtì, ilé àtayébáyé ni. Nínú ọjọ́ mẹ́ta tá a lò, ẹ̀ẹ̀kan péré ni màámi dé ibojì Fransisi.

Ohun tí ò yé ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé ẹ̀gbẹ́ òkè Subasio ni wọ́n kọ́ ìlú yẹn sí, ó gùn gbọọrọ, ó sì dà gẹ̀rẹ́. Bàsílíkà Fransisi, níbi tí ibojì ẹ̀ wà, wà ní ìpẹ̀kun kan lápá ìsàlẹ̀, kàtídírà San Rufino tí wọ́n ti ṣèrìbọmi fún Fransisi àti Klara Mímọ́ tó jẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún nítòsí Piazza Matteotti. Ibùdókọ̀ rélùwéè ò tiẹ̀ sí lórí òkè rárá, ìsàlẹ̀ ní Santa Maria degli Angeli ló wà, lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, ó ju kìlómítà mẹ́ta lọ sí inú ìlú, bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Linea C ló ń gbé èèyàn gòkè. Ọgbọ́n tí mo wá kọ́ nígbà kejì nìyí: ẹ jẹ́ kí bọ́ọ̀sì gbé yín dé Piazza Matteotti lókè pátápátá, kẹ́ ẹ wá máa rìn bọ̀ nísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, San Rufino, Piazza del Comune, títí dé Bàsílíkà, kẹ́ ẹ tún wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀ padà. Ẹ ò ní í gun òkè kankan tó ga.

Àwọn kan máa ń bínú tí wọ́n bá rí i pé Santa Maria degli Angeli ni yàrá wọn wà, wọ́n á ní wọ́n rẹ́ àwọn jẹ, pé ìsàlẹ̀ kì í ṣe Assisi. Ẹ gbọ́ ná. Inú Bàsílíkà ńlá tó wà nísàlẹ̀ yẹn ni Porziuncola wà, ilé àdúrà kékeré tí Fransisi fọwọ́ ara ẹ̀ tún ṣe, ibẹ̀ ló ní kí wọ́n gbé òun lọ nígbà tó rí i pé ikú ti dé, ibẹ̀ náà ló kú sí lálẹ́ ọjọ́ 3 October 1226. Ẹni tó bá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ṣé ẹ máa sọ pé kò dé Assisi ni? Títì ẹ̀ tẹ́jú, bọ́ọ̀sì ńlá lè já èèyàn sẹ́nu géètì, ilé tó ní líìfùtì sì wà dáadáa.

Ibẹ̀ la sùn nígbà kejì, èmi, màámi àtàwọn ìyá mẹ́fà láti ìjọ wa, ilé àwọn sísítà la wọ̀ sí. Búrẹ́dì àti kọfí ni oúnjẹ àárọ̀, yàrá ò ní tẹlifíṣọ̀n, wọ́n sì ń tilẹ̀kùn lálẹ́, ẹ rí i pé ẹ bèèrè aago tí wọ́n ń tì í kẹ́ ẹ má baà sùn síta. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo jí, mi ò rí màámi lórí bẹ́ẹ̀dì, ọkàn mi já, mo sáré jáde, àṣé wọ́n ti dá rìn lọ sí Míísà àárọ̀ láìdi ẹnikẹ́ni mú, mo bá wọn níwájú Porziuncola lórí ìjókòó, gèlè ti wà lórí wọn geere, wọ́n ń kọrin jẹ́jẹ́. Mi ò lè gbàgbé ẹ̀ láyé.

Ẹ̀yin tí ẹsẹ̀ yín ṣì le, mi ò ní kẹ́ ẹ má sùn lókè o. Ẹ sùn níbẹ̀, bó jẹ́ alẹ́ kan péré. Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà táwọn bọ́ọ̀sì ti kó èèyàn lọ tán, ẹ lọ jókòó ní Piazza del Comune níwájú òpó mẹ́fà tẹ́ḿpìlì Minerva táwọn ará Róòmù kọ́, tó ti di ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, ìlú á dákẹ́ débi pé ẹ máa gbọ́ ìró bàtà ẹni tó ń bọ̀ lókèèrè. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè: pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kelòó? Ṣé líìfùtì wà? Látibi tí táàsì máa já wa sí, àtẹ̀gùn mélòó ló kù? Owó orí tí ìlú ń gbà lọ́wọ́ àlejò lálaalẹ́ ńkọ́, ṣé ó wà nínú iye tẹ́ ẹ pè? Ẹni tó bá sì máa yá mọ́tò wà, ibi tí wọ́n bá kọ ZTL sí, ìyẹn àdúgbò tí wọ́n ti fòfin dín mọ́tò kù, ẹ má wọ ibẹ̀ láìgbàṣẹ, kámẹ́rà á ká yín, ìwé ìtanràn á sì wá yín délé. Ẹ lọ páàkì sí Mojano tàbí Porta Nuova, àtẹ̀gùn oníná wà níbẹ̀ tó ń gbé èèyàn gòkè wọ̀lú.

Ẹ̀yin éjẹ́ǹtì, mo bẹ̀ yín, ẹ yé kọ "Assisi" lásán sínú fláyà yín. Ẹ kọ ọ́ bóyá òkè ni àbí ìsàlẹ̀, ẹ sọ fún ìyá àgbà tó ń dáwó díẹ̀díẹ̀ bí ilé náà ṣe rí kó tó san kọ́bọ̀ kan.

Màámi ti ní àwọn tún fẹ́ wà níbẹ̀ lọ́jọ́ 3 October tí 800 ọdún máa pé gan-an. Yàrá ìsàlẹ̀ ni mo ń wá, ó ti ń wọ́n, ẹ̀yin náà ẹ tètè bẹ̀rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Ìbejì, Peckham, Lọ́ńdọ́ọ̀nù