Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ọ̀bẹ Mi Tí Ẹ Bà Jẹ́ àti Owó Mi Tó Wà Lọ́wọ́ Yín

Yábà, Èkó.
Ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, 2025.

Sí Ọ̀gá Àgbà ilé iṣẹ́ yín,
Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀bẹ sẹ̀rámíìkì mẹ́fà ni mo kó wá kí ẹ bá mi pọ́n, mo sì ra ọ̀bẹ ọdẹ mẹ́jọ lọ́wọ́ yín. Rìsíìtì wà lọ́wọ́ yín, orúkọ mi wà nínú ìwé yín, ọjọ́ tí mo kó ọ̀bẹ wá àti ọjọ́ tí mo sanwó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, nítorí náà mi ò ní máa tò wọ́n ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe torí pé iṣẹ́ bàjẹ́ nìkan ni mo ṣe kọ̀wé. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ ló ń ṣàṣìṣe. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé láti ọjọ́ 6 oṣù Kejì títí di òní, ẹ ò ní ẹnì kan ṣoṣo tó gbà pé òun ló yẹ kó dá mi lóhùn.

Lọ́jọ́ tí mo gbé ọ̀bẹ padà wá, ọmọkùnrin tó wà ní kántà ní kí n lọ bá ẹni tó ń pọ́n nǹkan lẹ́yìnkùlé. Ẹni tó ń pọ́n nǹkan ní kí n lọ bá akápò. Akápò ní ọ̀gá nìkan ló lè fọwọ́ sí i, ọ̀gá sì ti jáde lọ sí Àpápá. Wọ́n ní ẹ máa pè mí lọ́jọ́ Ajé. Ọjọ́ Ajé lọ, ẹ ò pè. Lọ́jọ́ 11, mo pe nọ́ńbà ara rìsíìtì. Ẹnì kan gbé e, ó ní kí n dúró, ó gbé fóònù sórí tábìlì fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń nájà lọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà ó pa á. Lọ́jọ́ 18, ẹ ní kí n fi àwòrán ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Mọ́kànlá ni mo fi ránṣẹ́. Ẹ rí wọn, nítorí àmì búlúù méjì ti jáde. Èsì ni mi ò rí.

Lọ́jọ́ 25, mo tún wọ mọ́tò láti Yábà, mo sọ̀ ní CMS, mo fẹsẹ̀ rìn dé ọ̀dọ̀ yín nínú oòrùn ọ̀sán. Obìnrin tó wà ní kántà ò gbójú sókè lórí fóònù rẹ̀. Ó ní: "Màmá, ọ̀bẹ ni o, kì í ṣe mọ́tò. Ẹ lọ ra òmíràn ní Ìdúmọ̀tà." Oníbàárà mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tó gbọ́ ọ. Ó ní èmi ò mọ nǹkan kan nípa sẹ̀rámíìkì, pé bí wọ́n ṣe ń pọ́n ọn nìyẹn. Ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ yín máa bá ẹni tó tó ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, kódà tí ẹni náà ò bá mọ nǹkan kan. Bí ó ṣe rí, mo mọ̀ ọ́n, màá sì ṣàlàyé rẹ̀ síbí kí ẹni tó bá ka lẹ́tà yìí má bàa tún gbà á lẹ́nu obìnrin yẹn.

Ọ̀bẹ sẹ̀rámíìkì kì í ṣe amọ̀ ìkòkò. Zirconia ni, ohun funfun kan tó le gan-an. Lórí ìwọ̀n líle tí wọ́n ń pè ní Mohs, ó wà ní nǹkan bí 8.5. Irin ọ̀bẹ kì í sábà kọjá 6.5. Dáyámọ́ńdì ló wà ní 10. Ohun tó bá le ju nǹkan lọ ló lè pọ́n ọn, ìdí nìyẹn tí mo fi béèrè lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ 13 oṣù Kìíní, kí n tó sanwó, bóyá dáyámọ́ńdì lẹ ń lò. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó wà lára bébà tí ẹ lẹ̀ mọ́ ògiri yín pàápàá.

Ẹ gbé ọ̀bẹ tó gùn jù nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wá síbi ìmọ́lẹ̀. Ìlà aláwọ̀ eérú mẹ́fà ló fà gbọọrọ lára funfun rẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ èkù dé ṣóńṣó. Irin ló ń fi irú ìlà yẹn sílẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ọ̀pá irin, irú èyí tí àwọn alápatà fi ń tún ẹnu ọ̀bẹ wọn ṣe, ni ẹni yín fà á lórí. Ọ̀pá yẹn ò lè pọ́n ọn láéláé, torí ọ̀bẹ ló le jù ú lọ. Ọ̀bẹ ló ń họ ọ̀pá, ìyẹ̀fun irin sì lẹ̀ mọ́ ara ọ̀bẹ. Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, ó gbé e sórí ẹ̀rọ olókùúta tó ń yí. Ẹ̀rọ yẹn ń gbọ̀n. Irin lè fara da ìgbọ̀n torí irin máa ń tẹ̀ díẹ̀. Sẹ̀rámíìkì kì í tẹ̀, ńṣe ló ń kán. Mo fi awò tó ń mú nǹkan tóbi wò ó: ojú ibi mẹ́sàn-án ló ti kán lẹ́nu rẹ̀, èyí tó tóbi jù tó ìdajì mìlímítà. Ẹ fà á lórí tòmátì, ńṣe ló ń fa awọ rẹ̀ ya, omi ń ṣàn, kò gé e.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é, lórí pátákó tí dáyámọ́ńdì wà lójú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ fi máákà kun ẹnu ọ̀bẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí ibi tí máákà bá ti parẹ́ ló máa sọ fún yín bóyá bí ẹ ṣe gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ sókè lórí pátákó ṣì dúró ní dígírì 15 sí 20. Ibi tó ti kán ni ẹ fi pátákó ojú 400 mú kúrò (bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ ni ojú rẹ̀ ń kúnná), ibẹ̀ nìkan, kì í ṣe gbogbo ọ̀bẹ. Lẹ́yìn ìyẹn ojú 1000 tàbí 1200, kí ẹ fi bébà dáyámọ́ńdì máíkírọ́ọ̀nù 3 parí rẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ wà lójú pátákó ní gbogbo ìgbà, kí ẹni tó ń ṣe é bo imú rẹ̀, torí ìyẹ̀fun rẹ̀ ò dára fún ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀yìn ọ̀bẹ ló máa ṣáájú tí ẹ bá ń fà á, kí ẹnu máa tẹ̀lé e, ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bí ẹni ń pọ́n àdá yóò tún kán an.

Ohun kan wà tí ẹni yín kò mọ̀, mo sì gbà pé òun gan-an ló dàrú fún un. Tí ẹ bá ń pọ́n irin, etí tínrín kan máa ń ká sí òdìkejì, ìka á mọ̀ ọ́n lára, ẹ ó sì mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ yẹn ti tó. Sẹ̀rámíìkì kì í ní etí yẹn. Ẹni tó bá ń dúró dè é yóò máa họ ọ́ títí ọ̀bẹ á fi bàjẹ́. Ojú àti awò ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, kì í ṣe ìka. Ìdajì mìlímítà tí ẹ kán yẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún láti tún ṣe.

Ó ku ọ̀bẹ ọdẹ mẹ́jọ. Àwọn ọdẹ tó ń kó ọ̀yà wá fún ilé oúnjẹ mi ni mo rà wọ́n fún, ohun tí mo fẹ́ sì wà nínú WhatsApp yín ní ọ̀rọ̀ tó ṣe kedere: ínṣì mẹ́rin, ẹ̀yìn tó rọra sọ̀ kalẹ̀ dé ṣóńṣó, irin tó gba inú èkù kọjá dé ìdí, kí ẹ̀yìn rẹ̀ nípọn tó mìlímítà 3 sí 4, irin 420HC tàbí 14C28N (oríṣi irin méjì tí kì í tètè dógùn-ún), èkù G10 (ike líle tí wọ́n fi okùn gíláàsì ṣe). Ohun tí ẹ kó wá gùn tó ínṣì méje, ó ní eyín ayùn lẹ́yìn, ó sì ní ìkọ́ tí wọ́n fi ń la ikùn ẹran. Wọ́n kọ "stainless" sí i lára, wọn ò kọ irú irin tó jẹ́.

Obìnrin yín kan náà ní ọ̀bẹ ọdẹ ni ọ̀bẹ ọdẹ. Rárá o. Ìkọ́ yẹn wà fún ẹran ńlá tí wọ́n fẹ́ bó awọ rẹ̀, bí àgbọ̀nrín àwọn òyìnbó. Ọ̀yà kì í tóbi tó bẹ́ẹ̀, wọn kì í sì í bó o. Iná la fi ń wi irun rẹ̀, ká tó là á. Ọ̀bẹ kúkúrú tó lè yí nínú ikùn ẹran láì bẹ́ ìfun lọdẹ nílò níbẹ̀. Ínṣì méje ti pọ̀ jù, ìfun ló máa ń bẹ́, ẹran á sì bàjẹ́. Ní ti irin, èyí tí mo ní kí ẹ mú wá, òkúta ìpọ́nbẹ lásán lè mú un padà lóko. Mi ò sọ pé kí ẹ wá èyí tó le jù lọ, torí ọdẹ tó wà nínú igbó ò ní rí dáyámọ́ńdì.

Ọ̀kan nínú mẹ́jọ ti kán kúrò nínú èkù níbi tí wọ́n ti ń gé oríkèé ẹsẹ̀ ọ̀yà. Nígbà tí a wo inú rẹ̀, irin tó wọ inú èkù ò ju ìka ọwọ́ kékeré lọ ní gígùn, gọ́ọ̀mù ló dì í mú. Méjì ti dógùn-ún nínú àkọ̀ aláwọ yín láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, torí awọ máa ń mu omi, ó sì máa ń dá a dúró sára irin. Nígbà tí mo fẹjọ́ èyí sùn, ọmọ iṣẹ́ yín ní kí àwọn ọdẹ ra sẹ̀rámíìkì dípò rẹ̀, torí kì í dógùn-ún. Ọ̀gá, ẹ bá mi kìlọ̀ fún un. Ẹni tó bá fi sẹ̀rámíìkì yí oríkèé ẹran, ó máa kán sínú ẹran, èérún rẹ̀ á sì wọ inú ọbẹ̀ ẹlòmíì.

Ohun tí mo ń béèrè ò pọ̀. Ẹ dá ₦27,000 owó pípọ́n padà. Ẹ dá ₦304,000 owó ọ̀bẹ ọdẹ padà. Mi ò fẹ́ pààrọ̀ mọ́, torí mi ò tún gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹ bá kó wá. Ẹ dá ọ̀bẹ sẹ̀rámíìkì mi mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà bí wọ́n ṣe wà, kí ẹnikẹ́ni yín má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́. Ẹ sì kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí mi lórí ohun tí wọ́n sọ ní kántà lọ́jọ́ 25, kí orúkọ yín wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo fún yín títí di ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 24 oṣù yìí. Tí owó ò bá wọlé, màá kó rìsíìtì, àwòrán mọ́kànlá náà àti ọ̀rọ̀ inú WhatsApp lọ sọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, àti LASCOPA, irú àjọ bẹ́ẹ̀ ti ìpínlẹ̀ Èkó. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà, FCCPA ọdún 2018, wà fún irú ọ̀rọ̀ yìí. Lẹ́yìn náà ni kóòtù àwọn ẹjọ́ kékeré ìpínlẹ̀ Èkó, owó mi ò sì tíì dé ibi tí wọn ò ti ní gbọ́ ọ. Mi ò fẹ́ dé ibẹ̀. Oṣù kan ni mo fi ń bẹ̀ yín kí n má bàa dé ibẹ̀.

Ọ̀bẹ ọdẹ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ wà nínú páálí wọn lọ́dọ̀ mi, èyí tó kán wà lára wọn. Ẹni tí ẹ bá rán wá gbé wọn, kó kó owó àti ọ̀bẹ mi lọ́wọ́, kí ó sì má jẹ́ obìnrin yẹn.

Èmi ni,
Oníbàárà yín láti Yábà.