Ẹ̀sùn lórí sísopọ̀ iná sọ́láà ìlú wa mọ́ òpó 11 kV

Sí Ọ̀gá Àgbà,

A kí yín o. Ẹ̀yin la gbé iṣẹ́ síso iná sọ́láà wa mọ́ òpó ìjọba fún; ìwé àdéhùn wà nínú fáìlì yín, a ò ní tún un kọ síbí. Èsì tí ẹ ń fún wa ló ń bí wa nínú. Ẹ ní rílè, ẹ̀rọ tó ń wò ó bóyá iná wa àti ti ìjọba bára mu kí wọ́n tó so pọ̀, ti dé Ìlọrin. A pè, ó di pé Èkó ló wà. A tún pè, ẹni tó gbé fóònù ní kí àwa àgbààgbà má da òun láàmú mọ́, pé ká kúkú fọwọ́ ti bírékà, súìṣì ńlá tó ń so iná méjèèjì pọ̀, rílè á máa bọ̀ lẹ́yìn.

Ọ̀rọ̀ tó lè pa èèyàn nìyẹn. Kí bírékà tó so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, òdiwọ̀n IEEE 1547 (ìlànà àwọn ẹnjiníà fún síso irú iná báyìí mọ́ òpó) fún ẹ̀rọ tí kò ju 500 kVA lọ ní kí fólítì má fi ju 10% yàtọ̀, kí fríkúẹ́ńsì (iye ìgbà tí ìgbì iná ń lọ tó ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan) má fi ju 0.3 Hz yàtọ̀, kí igun fésì (ibi tí ìgbì iná kọ̀ọ̀kan dé) má fi ju dígírì 20 yàtọ̀. Fríkúẹ́ńsì òpó ìjọba kì í dúró sójú kan. Ojú lásán kò lè mọ ìgbà tó bára mu. Bí wọ́n bá pàdé ní dígírì 180, fólítì ìlọ́po méjì ni bírékà máa gbà, ìnfátà sì lè jó. Rílè nìkan kò tó pàápàá, torí fésì kan nínú mẹ́ta ni ọ̀pọ̀ wọn ń wò: wáyà pupa lè bára mu nígbà tí yẹ́lò àti búlúù ti gba ipò ara wọn. Ẹ kọ́kọ́ yẹ ètò fésì wò.

Èyí tó bà wá lẹ́rù jù ni ìgbà tí NEPA bá mú iná lọ. Bírékà gbọ́dọ̀ já láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2. Bí kò bá já, iná wa á gba inú tiransifọ́mà padà sókè, á di 11,000 fólítì, yóò sì bá ẹni tó gun òpó pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé kò síná.

Ẹni yín tún ní lókè òkun, wáyà lásán ni wọ́n fi ń so ó. Rárá o. Texas tó dá iná tirẹ̀ dúró, DC (iná tó ń ṣàn sápá kan ṣoṣo, tí kò ní igun fésì) ló fi kan àwọn aládùúgbò rẹ̀, torí igun wọn kì í rìn pọ̀.

Láàárín ọjọ́ 14, a fẹ́ rílè, èsì àyẹ̀wò tí ẹnjiníà fọwọ́ sí, àti lẹ́tà àforíjì fún àwọn àgbà tí ẹ bú. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ dá owó wa padà. A ó kọ̀wé sí NERC (àjọ tó ń ṣàkóso iná), COREN (àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ẹnjiníà) àti FCCPC (àjọ tó ń gbèjà oníbàárà), lọ́yà wa á sì gbé yín lọ sí kóòtù ní Ìlọrin. Kọ́kọ́rọ́ yàrá bírékà wà lọ́wọ́ wa, ẹnikẹ́ni kò ní wọ ibẹ̀ kí ìyẹn tó dé.

Akọ̀wé,
Ìgbìmọ̀ Iná Ìlú, ilẹ̀ Ìgbómìnà, Gúúsù Kwara