Ẹ Kọ Orúkọ Wẹ́dà Náà Sí I

Olóòtú,

Ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà kan wáyé ní Erékùṣù Èkó láìpẹ́ yìí: ìlú ọjọ́ iwájú bíi ti inú fíìmù, tí wọ́n fi páànù, ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà àlòkù àti iná aláwọ̀ búlúù kọ́ dé òrùlé. Ó wù mí gan-an. Wọ́n ní iṣẹ́ àjọṣe ni, àmọ́ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo ló wà lára ògiri. Ta ló jó irin wọ̀nyẹn pọ̀? Ta ló so wáyà? Ojú ibi tí wọ́n ti jó o ṣì dúdú lára òpó ẹnu ọ̀nà!

Fíìmù òde òní tí wọ́n ń wò kọ́ṣe kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bó bá parí, orúkọ á máa yí lọ sókè, títí kan ti ẹni tó wa mọ́tò. Àgbà nínú àwọn fíìmù ìlú ọjọ́ iwájú ni Metropolis tí Fritz Lang gbé jáde ní Jámánì ní 1927. Àwọn olówó ń jayé lókè, àwọn òṣìṣẹ́ ń gbé lábẹ́ ilẹ̀. Ṣé ohun tí a fẹ́ kọ́ níbẹ̀ nìyẹn?

Kí àwọn tó ń ṣètò ìpàtẹ lẹ orúkọ gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ náà mọ́ ògiri, kí wọ́n sì sanwó wọn kí ilẹ̀kùn tó ṣí.

Òǹkàwé yín,
Yábàá, Èkó