Ìwé Náà Ò Tíì Sùn

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni o, báwo làwọn ọmọ àti bàbá wọn? Àárò rẹ ń sọ mí gan-an. Ǹ bá dúró dìgbà tá a bá ráyè sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò ṣe é pa mọ́ra: atọ́kùn ètò rédíò yẹn ti dá mi lóhùn! Ó ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa ìwé mi.

O mọ bó ṣe pẹ́ tó tí mo ti ń kọ̀wé sí i tí kò fèsì. Ènìyàn bí eéṣú ló ń sọ fún un lójoojúmọ́ pé àwọn kọ ìwé. Ni mo bá ń gbọ́ ètò rẹ̀ déédéé. Lọ́jọ́ tó sọ̀rọ̀ lórí ohun tójú àwọn opó ń rí, mo ya fọ́tò ojú ìwé kan níbi tí ìwé mi ti sọ̀rọ̀ opó, mo fi ránṣẹ́ sí i, mi ò tọrọ nǹkan kan. Ìgbà tó tún kan ọ̀rọ̀ ogún pínpín, mo tún fi òmíràn ránṣẹ́. Tí mo bá ń padà lọ bá ènìyàn, mi ò jẹ́ lọ lọ́wọ́ òfo. Ohun tó mú un kàwé náà nìyẹn.

Àwọn tó tẹ ìwé náà ti kọjú sí òmíràn. Mi ò bá wọn jà, ìwé tuntun ò yéé jáde lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ilé ìtàwé gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ìwé tí kò bá tà kì í pẹ́ lórí pẹpẹ wọn, wọ́n á dá a padà fún òǹtẹ̀wé, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ìwé gidi ń parí sí.

Ṣé o rántí John Grisham, agbẹjọ́rò ará Amẹ́ríkà tá a máa ń jà du ìwé rẹ̀? 5,000 ẹ̀dà ni wọ́n tẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún 1989. Òun fúnra rẹ̀ ra 1,000, ó ń fi ọkọ̀ kó o kiri. Kò fi bẹ́ẹ̀ tà. Ìgbà tí ìkejì jáde lọ́dún 1991 tó di ìlúmọ̀ọ́ká làwọn ènìyàn tó padà wá àkọ́kọ́ rà. Kò sì dúró wo bí àkọ́kọ́ ṣe máa tà kó tó bẹ̀rẹ̀ ìkejì. Èmi náà ti bẹ̀rẹ̀ tèmi.

Ara màmá ti yá, àbúrò mi ti rí iṣẹ́, ilé tá à ń kọ́ ṣì wà níbi tó wà.

Ó ń rẹ̀ mí nígbà míràn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọ̀rẹ́ wa tó máa ń pẹ́ dé ibi gbogbo sọ ọ́ lójú mi pé ṣé èmi nìkan ni mo kọ ìwé ni. Ó dùn mí wọra. Ṣùgbọ́n ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ó wá kan èyí tí mo ti ń yí po látòkè. Ẹ̀dà tí mo fi ránṣẹ́ sí ọ, ṣé o ti kà á? O ò sọ nǹkan kan, ẹnu mi ò sì gbà á láti béèrè lórí fóònù. Tí kò bá dùn mọ́ ọ, sọ fún mi bó o ṣe máa ń sọ òótọ́ fún mi, màá lò ó fún ìkejì. Tó bá dùn mọ́ ọ, má kọ ìyìn síbi tí Amazon ti ń tà á o, wọn ò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ òǹkọ̀wé ṣe bẹ́ẹ̀. Yá ẹnì kan tí kò mọ̀ mí rí ní ẹ̀dà rẹ, kó kọ ohun tóun fúnra rẹ̀ rí níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, dé ilé ìkàwé àdúgbò rẹ, ní kí wọ́n bá ọ wá ìwé náà. Nọ́ńbà ISBN rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá ìwé kọ̀ọ̀kan mọ̀, wà lẹ́yìn ìwé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìlà dúdú wẹ́wẹ́ yẹn. Gbogbo òǹkà 13 ni kó o fún wọn. Ọ̀pọ̀ ilé ìkàwé máa ń ra ohun tí òǹkàwé wọn bá béèrè, pàápàá tó bá ju ẹnì kan lọ, nítorí náà mú bàbá Ìbejì dání.

Bá mi kí gbogbo wọn. Mò ń retí èsì rẹ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.